Ọ̀wẹ̀ Tí A Kò Se Oúnjẹ Fún

Ọdọọdún ni mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 ti ń wo àlejò títí di òní. Ní ìgbà kan, nígbà tí a dúró sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wà pẹ̀lú mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Sà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbé orí òkè yìí, bí aboyún bá ń rọbí lóru ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀?"

Mo dá a lóhùn pé wọn kì í gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibo ni wọn ì bá gbé e lọ? Agbẹ̀bí wà ní àdúgbò, kò jìnnà ju ibi tí ohùn lè dé lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdáhùn mi dùn létí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ èmi alára lọ́rùn, nítorí n kò sọ iye ìyá tí orí òkè gbé mì nígbà tí ọwọ́ agbẹ̀bí kò ká a mọ́.

Nǹkan bí 1933 ni ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ tán sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò, ọjà àti ìjọba ni wọ́n wá bá. Kòkó ni ó tún da ọ̀rọ̀ náà rú. Àwọn tí wọ́n ti orí àpáta wá bá ọ̀nà mọ́tò tún fi ọ̀nà mọ́tò sílẹ̀, wọ́n wọ inú igbó lọ dá oko kòkó, wọ́n sì ń gbé abà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Òkè mìíràn ni abà jẹ́, àyàfi pé kò ní àtẹ̀gùn. Nígbà òjò, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ jìnnà sí dókítà ju ẹni tí ó wà lórí àpáta lọ.

Irú abà bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé nígbà tí wọ́n wá yàn án ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 1978, ní ìlú Alma-Ata, àwọn ìjọba àgbáyé ti fẹnu kò pé kí ìtọ́jú ìlera bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú fúnra wọn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó gbé èrò yìí lọ́wọ́ gírígírí. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ìlànà ìlera fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì jáde ní 1988. Lára ètò náà ni pé kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan láàrin ara wọn, kí wọ́n kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní àpótí oògùn. Àpótí onígi funfun ni ti àbúrò bàbá mi. Èmi ni mo gbé e dé abà fún un, ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Oògùn ibà, báńdéèjì àti òwú wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru. Ìgò bíà kan ni wọ́n ní kí ó máa fi wọn omi náà, ṣùgbọ́n nítorí ìjọ tí ó ń lọ, kò jẹ́ kí ìgò bíà wọ ilé rẹ̀. Ìgò míńírà méjì ni ó ń lò, iye kan náà sì ni nígbà náà. Kò pẹ́ tí gbogbo abà fi ń pè é ní Nọ́ọ̀sì Oko.

Láàrin ọdún díẹ̀, oògùn tán nínú àpótí. Ẹni tí ó yẹ kí ó wá kún un kò wá mọ́. Ìwé orin àti ìṣáná ni àbúrò bàbá mi wá ń tọ́jú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò yéé wá, òun náà kò sì yéé lọ wò wọ́n.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí. "Olùyọ̀ǹda ara ẹni" ni wọ́n fẹ́ kí n máa pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù nínú gírámà, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ ni ọwọ́ mi ń wúwo. Yorùbá mọ iṣẹ́ tí a kì í sanwó fún. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ yípo nínú oko ara wọn. Ohun tí mo bá ṣe ní oko rẹ lónìí, gbèsè ni ní ọrùn rẹ títí tí ìwọ náà yóò fi dé oko mi. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀ wá níṣẹ́ ni yóò se oúnjẹ, tí yóò sì wá ẹmu. Èwo nínú méjèèjì ni iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún obìnrin abà yìí? Ìjọba kò bá a dé oko, kò sì gbé ìkòkò kaná.

Ẹ má ṣe rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní èso. Ẹ wo sòbìà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí ó ń dà láàmú. Ní 2008 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn ará abúlé ni wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń wá ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ aládùúgbò wọn láti fi aṣọ sẹ́ omi mu. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ ẹ̀dùn ọkàn àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n sì sọ ara wọn di dókítà, tí wọ́n ń gún gbogbo ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára pé wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní 1992. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí nìyẹn. Ẹni tí abà yàn ńkọ́?

Ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí ni alẹ́ kan tí àbúrò bàbá mi gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyàwó lébìrà tí ó wá láti Benue ni obìnrin náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú fún ọjọ́ mẹ́ta, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Ọjọ́ kẹta ni gìrì dé. Lórí ọ̀kadà, láàrin ọlọ́kadà àti àbúrò bàbá mi, ni wọ́n ti gbé e dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tí ojú àbúrò bàbá mi rí láti ọjọ́ kìíní ni ó ti kọ sínú ìwé àjákọ kan, ó sì nà án sí òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọkùnrin náà kò gbà á. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó síta. Ta ni ó gbà yín síṣẹ́?" Obìnrin náà yè. A kò gbọ́ ohùn ọmọ.

Ìwé àjákọ yẹn wà lọ́wọ́ mi báyìí. Iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe, n kò sì lè má rí i pé ẹ̀ka-èdè Ìdànrè ni ó fi kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kan. Ọjọ́ wà níbẹ̀, oṣù oyún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ abà àti ohun tí ó ṣe aláìsàn. Gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ń béèrè ni ó wà nínú rẹ̀, àyàfi pé Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà gbọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ pé àwọn fẹ́ da àwọn òṣìṣẹ́ abúlé pọ̀ mọ́ ètò ìlera orílẹ̀-èdè, owó oṣù ni èmi náà kọ́kọ́ ń rò, ó sì yẹ kí a rò ó. Ẹtiópíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2003, obìnrin tí ó lé ní 30,000 ni wọ́n sì gbà síṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Ní 2022, Brazil kọ ọ́ sínú òfin orílẹ̀-èdè wọn pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po méjì owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá san owó fún àbúrò bàbá mi ní gbogbo oṣù, tí wọn kò sì ka ìwé rẹ̀, ìta náà ni yóò jókòó sí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Ní 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá aboyún nílé, tí aboyún sì ní fóònù tí yóò fi pè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Agbẹ̀bíyè dé, tí ó ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lówó nígbà tí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Orúkọ méjèèjì wù mí. Àbíyè ni ó dojú kọ àbíkú. Ẹni tí ó sọ ètò náà lórúkọ gbọ́ Yorùbá. Agbẹ̀bíyè sì gbà pé agbẹ̀bí wà, ó pè é wọlé dípò kí ó lé e jáde. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò tiwọn tí wọ́n ń pè ní CHIPS kalẹ̀, kí àwọn obìnrin àdúgbò lè máa tọ́jú àdúgbò wọn.

Àbúrò bàbá mi ti lé ní 80 ọdún báyìí. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó wọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ó ní kí òun tó wọ abà èyíkéyìí ní agbègbè náà, ọ̀dọ̀ Màmá ni òun kọ́kọ́ ń yà sí. Oṣù mẹ́ta ni owó rẹ̀ kò tíì wọlé. Iṣu wà lórí iná. Àbúrò bàbá mi ní kò ní í lọ láìjẹun, ó sì bu tirẹ̀ fún un kí ó tó bu tèmi. Bí ọmọ náà ti jẹun tán ni ó nu ọwọ́, ó ṣí ìwé tirẹ̀ lé orúnkún, ó sì béèrè pé, "Màmá, obìnrin tí ẹ sọ pé ó wà ní abà kejì yẹn, oṣù mélòó ni ẹ pe oyún rẹ̀?"