Ìjánu olówó iyebíye: ta ni ó yẹ?

Obẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn olówó ilẹ̀ Jámánì tí ń gun ọkọ̀ Porsche mu, àwọn tí wọ́n fi owó gọbọi kún owó ọkọ̀ kí ìjánu rẹ̀ lè jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ́tí sí wọn, yóò gbọ́ ohun ìyanu: ẹni tí ń sá eré àsápajúdé, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìjánu náà, ni ó ń tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ ni ó ń yìn ín.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì yóò fún àwo róbótó tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ àárín, eré yóò sì di ooru. Irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwo yìí. Bí ọkọ̀ bá ń ti orí eré ńlá dúró léraléra, páàdì kò ní lè di irin gbígbóná náà mú dáadáa mọ́, omi inú ìjánu lè hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì kàn rì wọlẹ̀ lásán. Ẹ̀mí lè bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Porsche ti ìlú Stuttgart gbé àwo sẹ̀rámíìkì sára ọkọ̀ 911 GT2. Kì í ṣe amọ̀ ìkòkò o. Fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ni, tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù yíyọ́ kún nínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí tí ó fi le koko. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ti irin lọ, kì í sì í dípẹtà.

Ẹni tí ń gbé irú ọkọ̀ yìí lọ sí ibi iṣẹ́ kì í dẹ́kun ìyìn. Rímù rẹ̀ kì í dúdú, nítorí eruku páàdì kéré. Ọkọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ń yí kọ́nà, ìjánu sì ń mú bákan náà ní ìgbà kìíní àti ní ìgbà kẹwàá. Àléébù tí ó ń sọ ni pé ní òwúrọ̀ òtútù tàbí lẹ́yìn òjò, ìjánu náà a máa han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bí mẹkáníìkì bá sì ń yọ táyà, tí rímù kọlu àwo náà, etí rẹ̀ lè ṣẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ohùn àwọn tí ń lọ sí Nürburgring. Ojú ọ̀nà eré ìje yìí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927 ní agbègbè òkè Eifel, gùn ju 20 kìlómítà lọ, ẹni tí ó bá sanwó sì lè gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìlú. Níbẹ̀, ooru lè pọ̀ débi pé kábọ́ọ̀nù yóò máa jóná díẹ̀díẹ̀. Àwo lè máa fúyẹ́ sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i pé ó tín-ín-rín, ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí sára rẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí i, kí olúwarẹ̀ ra òmíràn ni. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè tó owó ọkọ̀ kékeré tuntun. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń kó sẹ̀rámíìkì pamọ́ sí ilé, tí wọ́n ń fi irin sáré, tí wọn a sì dá a padà sára ọkọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ tà á.

Kò sí èyí tí ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n kí olówó má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ọmọdé bá já sí títì lójijì, irin tí ó pé yóò dá ọkọ̀ dúró bí sẹ̀rámíìkì ṣe lè ṣe é, nítorí táyà ni ó ń di ilẹ̀ mú. Ìjánu tí kì í tètè rẹ̀ ni owó rà. Kò ra ojú tí ń wo iwájú fún awakọ̀.