Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́jà Òmùpo

Ilé-ìwé ti jáde. Àwọn ọmọ ń dé sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ẹni tó gbé báàgì kalẹ̀ ti bọ́ sídìí àtẹ nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó ti gaàrí ìyá rẹ̀. Oníbàárà béèrè iye. "Àpò méje ni kóńgò, mà." Ó wọn kóńgò mẹ́ta, ó gba ₦5,000, ó dá ₦800 padà. Kò ka ìka, kò wo fóònù. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn làwọn àgbà ń pè ní àpò kan. Nígbà tí owó yí padà ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò di igba náírà. Àpò méje lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànlélógún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àpò márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́rin. Ọmọ tí kò fojú rí pọ́n-ùn rí ló ń fi pọ́n-ùn ṣírò.

Lábẹ́ igi nítòsí, tíṣà méjì àtàwọn ọ̀dọ́ kan ń jiyàn lórí àjọ̀dún ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ ìlú ní 14 oṣù kẹta, ọjọ́ tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìṣirò lágbàáyé. Tíṣà àgbà fẹ́ gbọ̀ngàn, bánà àti ìdíje. Oníirú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i: "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ìṣirò ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù yín?"

Ẹ̀yìn oníirú lèmi wà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1985, àwọn onímọ̀ bi ọmọ márùn-ún tó ń tajà nígboro Recife, ní Brazil, ní ìṣirò. Nídìí ọjà, wọ́n gba 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé láìdárúkọ ọjà, 37 péré ni wọ́n gbà.

Tíṣà kékeré ní ká ṣe é lọ́jà nígbà náà. Wọ́n wá béèrè bóyá ọjọ́ ọjà ni 14 yẹn. Ọmọkùnrin kan já kàlẹ́ńdà gbà, ó ń fi márùn-ún márùn-ún fò lórí rẹ̀, ṣebí ọrún là ń ná ọjà. Ọmọ onígaàrí ké sí i láti ibi tó jókòó: "Mẹ́rin ni kó o máa fò! Ẹ ti ka òní mọ́ ọn!"

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Bàbá kan tó ń gba èsúsú ka ọjọ́ tirẹ̀ sí wọn létí: ọrún, isán, ìtàlá, ìtàdógún. Tíṣà kékeré kọ ọ́ sílẹ̀: 5, 9, 13, 17. Ọmọkùnrin yẹn tẹjú mọ́ ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́rin fò. (Bí wọ́n bá ti fi èyí kọ́ èmi náà ní kíláàsì, bóyá n kì bá máa sá fún tíṣà ìṣirò.)

Ìyá onígaàrí ló wá béèrè ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì rò: bí ogójì ọmọ bá ń fi kóńgò wọn gaàrí òun, ta ni yóò san owó èyí tó bá dà sílẹ̀? Tíṣà àgbà ní àpò mẹ́wàá, nínú owó bánà.

"Ogún," lobìnrin náà wí.

"Ẹ gba méjìlá, Màmá."



"Tíṣà, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí báyìí?"