Ọkọ̀ Tó Ń Ka Ẹja àti Etí Ọ̀sà Ajido

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Ajido, ní agbègbè Àgbádárìgì, tó rí omi tó tẹ́ rẹrẹ níwájú ìlú, lè pè é ní òkun. Ọ̀sà ni. Lásìkò òjò, nígbà tí odò Yewa bá ń da omi ilẹ̀ sínú rẹ̀, á rú, á pọ́n, ewé ojú omi á sì máa wọ́ tẹ̀ lé ara wọn lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á tòrò, ẹni tó bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò á mọ̀ pé iyọ̀ ti wọlé. Igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri ojú rẹ̀, òmíràn fún àwọ̀n, òmíràn fún akajà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn Ògù máa ń kó jọ sínú omi kí ẹja lè fara pamọ́ síbẹ̀ kó sì sanra. Lódìkejì, ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan nà lọ, àgbọn ló bò ó. Ẹ̀yìn àgbọn yẹn ni òkun wà, ṣùgbọ́n ọ̀sà kò já sí i níbẹ̀. Ẹnu tó fi ń pàdé òkun wà ní Èkó lọ́wọ́ ìlà-oòrùn àti ní Kútọnu lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn, Àgbádárìgì sì wà láàárín méjèèjì. Ẹja òkun tí wọ́n bá pa ní Ajido ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi orílẹ̀-èdè mìíràn ló gbà wọlé.

Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ibi tó yẹ kéèyàn tẹjú mọ́ ni ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹja. Èyí tí mo wò pẹ́ jókòó lórí àpótí, ó ká ìró dé orúnkún, ó gbé ọpọ́n ẹja agbódó sáàárín ẹsẹ̀. Ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń dán bí oòrùn ṣe ń bà á. Kì í wo ẹja kó tó mú un. Ọwọ́ á wọ inú ọpọ́n, á di ẹyọ kan mú lẹ́yìn orí, àtàǹpàkò á rọra tẹ ikùn rẹ̀, kó o tó ṣẹ́jú ẹja ti bọ́ sínú ọ̀kan nínú abọ́ mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀. Ẹja ẹlẹ́yin lọ́tọ̀, ẹja ńlá tí kò léyin lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ tí wọn yóò dà sórí ààrò pa pọ̀ lọ́tọ̀. Béèyàn bá bi í pé kí ló dé tó ń ya ẹlẹ́yin sọ́tọ̀, á ní ikùn rẹ̀ tètè ń bẹ́ lórí iná, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Síbẹ̀, irú ẹja, bó ṣe tóbi tó, bóyá ó léyin nínú tàbí kò ní: ohun tí àwọn onímọ̀ ẹja ń wá nìyẹn nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ńlá lọ sójú agbami. Mo gbà pé bí a bá ń gbèrò ìrìnàjò ìwádìí lórí ẹja òkun wa, ìdí ọpọ́n yìí ló ti yẹ ká bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàpèjúwe ọkọ̀ ńlá náà, kí n sì sọ ibi tí kò lè dé.

Àwọn tó ń pa ẹja salmon ní òkun Pàsífíìkì ti mọ irú ìrìnàjò ìwádìí bẹ́ẹ̀. Odò ni wọ́n ti ń bí ẹja yìí. Á sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun, á dàgbà níbẹ̀, á tún padà wá yé ẹyin sí odò tí wọ́n ti bí i, púpọ̀ nínú irú ti Pàsífíìkì a sì kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin. Ìgbà tó ń lò lódò yé àwọn onímọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń la ìgbà òtútù kọjá lójú agbami ṣókùnkùn sí wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti Kánádà, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japan àti Kòríà Gúúsù wọ ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Professor Kaganovskiy, wọ́n ṣíkọ̀ láti Vancouver, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù kan ní agbami Alaska. Ẹja tí orílẹ̀-èdè márùn-ún ń pa, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò lè kà á.

Tiwa náà ń rìn. Edé pupa òkun ń yé ẹyin sójú agbami, ọmọ rẹ̀ á wọ ọ̀sà wá dàgbà, á tún padà sókun: òdì kejì ìrìn salmon gan-an. Ṣáwá ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé omi tútù. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun níwájú Côte d'Ivoire àti Gánà, oúnjẹ ẹja á bá a gòkè, ṣáwá á sì tú jáde rẹpẹtẹ. Àwọn apẹja pàápàá ń rìn bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Keta láti Gánà ti ń wá fa àwọ̀n gbọọrọ létí òkun Àgbádárìgì, tọkùnrin tobìnrin á di okùn mú, wọ́n á máa fà á bọ̀ sórí yanrìn pẹ̀lú orin.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ìwádìí gba iwájú wa kọjá. Ní 1963 sí 1964, ọkọ̀ méjì tí wọ́n háyà, La Rafale àti Thierry, fa àwọ̀n ìsàlẹ̀ omi láti apá Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ẹkùn odò Kóńgò. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Williams ló darí iṣẹ́ náà, Èkó sì ni wọ́n ti tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1968. Títí dòní, bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ bí ẹja ìsàlẹ̀ omi wa ṣe pọ̀ tó kí ọkọ̀ atúlẹ̀-òkun, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, tó gbilẹ̀, ìwé yẹn ni wọ́n ń ṣí.

Lẹ́yìn náà ni ti Nọ́wè, ilẹ̀ tí pańla ti ń wá sínú ọbẹ̀ wa. Láti 1975 ni wọ́n ti ní ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Dr Fridtjof Nansen, tí wọ́n ń bá àjọ FAO lò fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lágbára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nansen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ jẹ́ onímọ̀ òkun tó tún di alágbàwí àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ọkọ̀ kejì dé ní 1993, ìkẹta ní 2017. Ìkẹta yìí gùn tó mítà 74.5, yàrá àyẹ̀wò méje ló wà nínú rẹ̀, àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ń fẹ́ lókè rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àsíá yìí, nítorí ọkọ̀ tó bá gbé àsíá orílẹ̀-èdè kan á máa fa àríyànjiyàn ní ẹnu ààlà kọ̀ọ̀kan, ṣáwá á sì ti lọ kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ìwé ló sì ń ṣáájú àsíá. Òfin òkun àgbáyé là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí nínú omi orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ fi tó o létí ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú: irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, irú ọkọ̀, irú ẹ̀rọ, ibi tí yóò kàn gan-an, ọjọ́ tí yóò wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde. Onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi àwọn tirẹ̀ sínú ọkọ̀, kó sì gba èsì. Ní Nàìjíríà, NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tó wà ní Victoria Island láti 1975, ló sábà ń yan àwọn tí yóò lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tẹ́ máàpù òkun sílẹ̀, wọ́n á máa fa ìlà láti etíkun lọ sójú agbami, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, ní ìwọ̀n àlàfo kan náà. Ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò tọ̀ nìyẹn, tọ̀sán tòru, yálà ẹja wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Apẹja tó bá wò ó á rò pé orí wọn ti dàrú, nítorí ibi tí ẹja wà lòun ń lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lé ẹja nìkan kò lè mọ ibi tí ẹja ti tán.

Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń rán ohùn sísàlẹ̀ omi. Ohùn náà á kọ lu afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹja, á padà wá, àwọ̀ oríṣiríṣi á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó gba ẹ̀rọ yìí gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò. Wọ́n á wá ibi tí omi ti parọ́rọ́, wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta gbé bọ́ọ̀lù irin kékeré kan kọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Irin tungsten tó le koránkorán ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 38.1, ọmọdé lè fọwọ́ kan ká a mọ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́ta á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, eléyìí á dẹ okùn díẹ̀, tọ̀hún á fà á díẹ̀, títí bọ́ọ̀lù á fi bọ́ sábẹ́ ohùn náà gan-an. Wọ́n ti mọ ìró tó yẹ kó padà lára bọ́ọ̀lù yẹn. Bí ìró tí ẹ̀rọ gbọ́ bá yàtọ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n á tún ṣe. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì sí ẹja kan ṣoṣo tí wọ́n tíì kà. Mo fẹ́ràn ìwà yìí púpọ̀.

Ohùn nìkan kò tó, nítorí náà wọ́n á ju àwọ̀n sí i, wọ́n á fà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, wọ́n á da ohun tó kó sórí tábìlì gígùn. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ bàtà rọ́bà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya ẹja àpò kúrò lára kúta, kúta kúrò lára ṣáwá, gẹ́gẹ́ bí obìnrin Ajido ṣe ń ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹja sórí pákó tí wọ́n sàmì sí, wọ́n á ka gígùn rẹ̀ sókè ketekete, ẹnì kan á máa kọ ọ́. Wọ́n á la orí díẹ̀ nínú wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti họ orí ẹja àpò jẹ mọ òkúta funfun méjì tó máa ń ta sí eyín nínú rẹ̀. Òkúta yẹn ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà á hàn nínú rẹ̀ yípo-yípo bíi ti inú igi tí wọ́n gé. Ní omi àwọn tó ń pa salmon, níbi tí òtútù àti ooru ti yàtọ̀ gedegbe, ìlà yìí ń sọ ọjọ́ orí ẹja. Lọ́dọ̀ wa, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìlà náà kì í sì í hàn dáadáa, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ wa fi ń gbára lé gígùn ẹja jù: mélòó ló gùn tó báyìí, mélòó ló kúrú, nínú oṣù wo.

Gígùn ẹja rèé, ó wà nínú abọ́ mẹ́ta ní Ajido láràárọ̀. Ọkọ̀ ńlá sì rèé, kò lè sún mọ́ ibẹ̀. Ibi tí omi bá ti jìn tó nǹkan bíi mítà 20 ni irú ìwádìí yìí sábà ń bẹ̀rẹ̀, torí ọkọ̀ á kanlẹ̀ tó bá wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Nàìjíríà náà lé ọkọ̀ atúlẹ̀-òkun kúrò nínú máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Nínú ẹkùn tóóró yìí, àti nínú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ọmọ edé ti ń dàgbà, ibẹ̀ ni agbódó ti ń wọlé-jáde, ibẹ̀ ni àwọn apẹja wa ti ń jẹun. Ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù kò dé ibẹ̀. Lójú mi, ẹ̀bi àwọn awakọ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ètò ni kò ka ẹkùn yìí mọ́ iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ètò kà á mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì àti onímọ̀ kan ti ń wá bu omi ọ̀sà Àgbádárìgì fún àyẹ̀wò, Ajido sì wà lára ibi tí wọ́n ń dúró sí. Ohun tó kù ni kí iṣẹ́ etí ọ̀sà àti iṣẹ́ ojú agbami bọ́ sínú ìwé ètò kan náà. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ wà níwájú Àgbádárìgì ní oṣù Kẹjọ, lásìkò omi tútù, lẹ́tà tó ń lọ sí Àbújá, Kútọnu, Lomé àti Accra gbọ́dọ̀ ti jáde ní oṣù Kejì. Kí lẹ́tà kan lọ sí Ajido lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tó gbọ́ Ògù gbé e lọ, kó kí àwọn àgbà ìlú, kó sọ ibi tí àwọ̀n ìwádìí yóò kọjá àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dẹ àwọ̀n síbẹ̀ kí wọ́n fà á ya. Kí ọmọ ìlú kan gba pákó ìwọ̀n, òṣùwọ̀n àti ìwé, kó máa jókòó ti àwọn ìyá ẹlẹ́ja láàárọ̀ fún oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ìwé ọkọ̀ ń rìn, kó wọn ẹja nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sórí ààrò. Kí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ láti ra àpò tí wọ́n bá fẹ́ la orí rẹ̀, ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ́jọ́ náà, nítorí ẹja tí wọ́n bá ti la orí rẹ̀ kò níyì mọ́ lójú ẹni tó ń rà á.