Ṣé Ẹ Máa Rà Á, àbí Ẹ Kàn Ń Gbà Wá Níyànjú?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwa mẹ́ta tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ore fẹ́ ṣe motor driver alágbára fún róbọ́ọ̀tì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n máa rà á. Gbogbo ẹni tí a bi ló ní òun máa rà á. Kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Ìyẹn gan-an ló fu wá lára. Ta ló fẹ́ wo ojú ọmọ tó ń gbìyànjú, kó sọ fún un pé ọjà rẹ̀ ò wúlò?

Motor tí à ń wí kì í ṣe mọ́tò tó ń sáré lójú ọ̀nà Èkó sí Benin o. Èyí tó ń yí táyà róbọ́ọ̀tì ni. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí róbọ́ọ̀tì ò lè dá a yí, torí iná tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ò tó nǹkan. Motor oní-volt 24 tó jẹ́ watt 250 máa ń gba ju ampere 10 lọ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí nǹkan bá há a, ó lè gba ìlọ́po mélòó kan ìyẹn. Motor driver ni alárinà: ó ń gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà lẹ́nu, ó sì ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì fún motor.

L298N ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ampere 2 péré ló ń gbé fún motor kan, ó sì ń fi bíi volt 2 ṣòfò sínú ooru. BTS7960 ní òun lè gbé 43, ṣùgbọ́n orí ìwé nìyẹn. Ẹ gbé e sínú àpótí tí atẹ́gùn ò wọ̀ lọ́sàn-án Ore, kí ẹ wò ó.

A wá jókòó ṣírò ẹni tó nílò tiwa. Àwọn tó ń la pákó ní sọ́míìlì ńkọ́? Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì àti iná NEPA ni wọ́n ń lò, kì í ṣe bátìrì. Àwọn tó ń rin gààrí? Ẹ̀rọ oní-pẹtiróòlù ni tiwọn. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì kékeré? L298N ti tó wọn. Àwọn tó kù ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Òkìtìpupa àti Àkúrẹ́, àtàwọn tó fẹ́ ṣe ọmọlanke oníbátìrì tí yóò máa kó ẹyìn jáde nínú oko ọ̀pẹ lágbègbè Odigbo.

Owó tó wà nílẹ̀ kì í ṣe owó eré: owó ilé ọdún kan ọ̀kan nínú wa wà nínú ẹ̀. A yí ìbéèrè padà. Èwo lẹ ń lò báyìí? Ìgbà wo ló jó kẹ́yìn? Èló lẹ fi ra òmíràn? Lẹ́yìn náà la ní: ẹ san ìdajì sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ò gbé ìpè wa mọ́. Ẹni méjì sanwó. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ṣe ọmọlanke, sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ampere yín ò kàn mí. Kó ṣáà má jó tí táyà bá há sínú ẹrọ̀fọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" tí a ti gbà lọ. Ohun tó fẹ́ ni driver tó máa ń dín iná kù fúnra rẹ̀ tí motor bá há. Ètò tí àwa náà mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn.

Márùn-ún la máa kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe àádọ́ta. Tí márùn-ún bá la òjò ọdún yìí já nínú oko ọ̀pẹ, àwọn tó ni wọ́n ló máa bá wa polówó ìyókù.