Òkété tó ń fọn súfèé

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọ̀nà Skyline tó wà ní Paradise, lára Mount Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington l'Ámẹ́ríkà, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 9 lọ, ẹ̀rín ni mo rín. Jíjìn rẹ̀ kọ́ ni wàhálà o, òkè tí à ń pọ́n ni! Ó lé ní mítà 500. Kí n tó dé Panorama Point lójú ọ̀nà náà, èémí mi ti ń já.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òkìtì yìnyín ńlá tí wọ́n ń pè ní Nisqually Glacier dáadáa. Èmi rò pé á funfun báláú ni. Rárá, erùpẹ̀ ti bò ó, ó wá là yẹ́kẹyẹ̀kẹ bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Omi tó ń yọ́ lára rẹ̀ ló ń di odò Nisqually.

Ẹranko kan tó jọ òkété, àmọ́ tó sanra jù ú lọ (marmot lorúkọ ẹ̀), jókòó sórí àpáta, ó ń fọn súfèé. Mo gbà pé èmi ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹjọ. Nínú oṣù keje, òjò dídì ṣì lè bo ọ̀nà.