Nígbà Tí Òṣùwọ̀n Takú: Òkè àti Ọjà ní Jos

Bí ọkọ̀ bá ti Àbújá kọjá Keffi àti Akwanga, tó dorí kọ Jos, ibì kan wà tí gbogbo awakọ̀ ti máa ń yí jíà padà. Hawan Kibo ni orúkọ rẹ̀, ní agbègbè Riyom. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gòkè, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó sìmẹ́ǹtì a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó gbé omi, tí èéfín dúdú yóò máa rú lẹ́yìn wọn. Tí a bá ti gun ún tán, ara yóò ti mọ̀ pé a ti dé ibòmíràn. Jos ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200. Ará Ìbàdàn tó bá wá kí ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ nígbà ọyẹ́ oṣù Kejìlá yóò yá súwẹ́tà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Àwọn Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jos. Nígbà tí ìwakùsà tánganran àti ọkọ̀ ojú irin gbé ìlú náà dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣòwò wa bá a gòkè, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ Haúsá bí ẹni ń mu omi. A sì gbé àṣà wa dání: kò sí Sátidé tí kò ní ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, ìrẹsì á ṣáájú, iyán á tẹ̀lé e. Ìlú tútù, iyán gbígbóná. Ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Ibẹ̀ ni àwa tọkọtaya ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ibẹ̀ náà ni dókítà ti sọ fún ọkọ nínú wa pé ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, jẹ́ 118. Bó bá dé 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó sì wà bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Àtọ̀gbẹ ló gba ojú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tó fún ló sọ wá di ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti kílò 108 bọ́ sí 99. Aya bọ́ láti 91 sí 84. Lẹ́yìn náà, òṣùwọ̀n takú. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, 99 náà ni. Oúnjẹ kò yí padà, ìrìn ìrọ̀lẹ́ kò yí padà, ara nìkan ló ní òun kò lọ mọ́.

Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ akẹ́rù ní Hawan Kibo ti lóye ọ̀rọ̀ yìí dé ààbọ̀. Ọkọ̀ tó kó ẹrù kún ń jẹ epo ju èyí tó ṣófo lọ. Ara tó wọn kílò 108 ń ná agbára púpọ̀ láti dìde, láti gun àtẹ̀gùn, kódà láti sùn. Bó bá di 99, iṣẹ́ kan náà kò ná an tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tó ń mú un fọn lóṣù kìíní á wá di oúnjẹ tó kàn ń gbé e ró. Ara tún mọ owó ṣọ́ ná: bó bá rí i pé ohun tó ń wọlé dínkù, yóò dín ohun tó ń jáde kù, ẹni náà á máa jókòó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láìfura. Iṣan náà a máa bá ọ̀rá lọ bí a kò bá fún un níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan ń jẹ epo ju ọ̀rá lọ, àní nígbà ìsinmi. Ní ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òṣùwọ̀n máa ń já wálẹ̀ wìì, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí irú rẹ̀ títí.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n wa. Ẹnì kan ní ká lọ gbàdúrà sí i, pé ó ṣeé ṣe kó ní ọwọ́ ayé nínú. Ẹlòmíràn gbé tíì tó ń fọ ikùn wá. Ìgbẹ́ ni tíì yẹn ń fún èèyàn, omi ló ń bá a jáde, omi náà á sì padà tí a bá ti mu ife mẹ́ta.

Ọjà Farin Gada ni a mú ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ tí kò tíì dé ọjà yẹn, ó kù ú kù. Kábéèjì tó tóbi ju orí ọmọ lọ, kárọ́ọ̀tì tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tòmátì nínú agbọ̀n gìrìwò, ọ̀dùnkún òyìnbó ní àpò-àpò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kòtò ìwakùsà àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú wọn. Omi ti kún inú kòtò náà, ó ti di adágún, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ sí oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. (Bí ẹ bá mú ọmọ lọ wò ó, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Etí kòtò a máa yọ̀, omi rẹ̀ sì jìn.)

Ohun tí a yí padà nínú àwo kò pọ̀. Ìdajì àwo alẹ́ di ẹ̀fọ́. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún sísè gba èyí tó kù. Búrẹ́dì òwúrọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀wà àti ẹyin, nítorí purotéènì a máa jẹ́ kó pẹ́ kí ebi tó pa èèyàn, ó sì ń bá wa ṣọ́ iṣan. Òróró ni a fi ṣíbí wọ̀n. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní nǹkan bí kálórì 120, ọwọ́ tó bá sì ń dà á tààrà láti inú ìgò lè da mẹ́rin kí ojú tó ṣẹ́. Ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ. Àwọn ọmọ ń bu ìrẹsì tiwọn bó ṣe tó wọn, ọmọ tó ń dàgbà kì í ṣe ẹni tí à ń fi oúnjẹ dù. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà má baà já sílẹ̀ jù.

Ẹ ó gbọ́ nípa acha bí ẹ bá dé Plateau. Ọkà kékeré ni, hóró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí iyanrìn. Wọ́n ń sè é bí ìrẹsì, wọ́n ń rò ó ní túwó, wọ́n sì ń fi ewébẹ̀ àti epo pupa sè é bí àsáró, èyí tí wọ́n ń pè ní gwate. Ìlú kún fún ẹni tó ń sọ pé acha kì í mú èèyàn sanra. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọkà ni ọkà ń jẹ́. Àwo ńlá rẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwo ìrẹsì. A bi ìyá tó ń tà á. Ó fi Haúsá dá wa lóhùn pé láti kékeré lòun ti ń jẹ ẹ́, kí a wo òun dáadáa. Obìnrin náà sanra, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìrìn ni ó yí padà jù. Òpópónà Rayfield tó tẹ́jú ni a ti ń rìn tẹ́lẹ̀, ara sì ti mọ̀ ọ́n lórí. A wá yà sí ọ̀nà Lamingo, lọ síbi omi ńlá tí wọ́n sé fún lílo ìlú. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, àpáta tó jókòó lé ara wọn wà káàkiri, ọgbà oró sì yí oko ká. Àwọn òkè Shere wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣóńṣó wọn ga tó mítà 1,829. Ìwọ̀n tí a ń lò kò gba ẹ̀rọ: kí èèyàn lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fún iṣan níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Tòwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ pọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí. Àwa tí a ń gbé Jos mọ ìdí rẹ̀. Gígun òkè ń gba èémí, sísọ̀ ló ń dun itan. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń sọ àtẹ̀gùn ilé.

Fún iṣan, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 méjì tó. Kílò 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ń gbé wọn sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ń dìde lórí àga a tún ń jókòó, a ń fi ọwọ́ ti ògiri, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ló ń kà á, wọn kì í sì í fo nọ́ńbà kankan.

Èyí tó le ju òkè lọ ni àwọn èèyàn wa. Ní ìsọmọlórúkọ kan, ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fa ọkọ sẹ́yìn àgọ́. "Àbúrò, ṣé kò sí? Ẹ ti rù o. Bí owó bá há, ẹ sọ fún wa." Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ wa, wọ́n sì fi iyán méjì kún un. Ẹnu kò gba pé kí a sọ fún ẹ̀gbọ́n pé a kò jẹ. A dúpẹ́, a jẹ ọ̀kan, a di ìkejì sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a sọ ọ̀rọ̀ 118 náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì béèrè iye tí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà jẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta tí a yí nǹkan padà, òṣùwọ̀n kúrò ní 99. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọkọ di kílò 94, ṣúgà òwúrọ̀ rẹ̀ sì di 104. Ti aya yàtọ̀: òṣùwọ̀n kò ju 84 sí 82 lọ, ṣùgbọ́n téèpù fi sẹ̀ǹtímítà 7 kéré sí i ní ìbàdí, orúnkún tó máa ń dùn ún lórí àtẹ̀gùn sì ti dákẹ́. Ó ti tún dúró sí 82 báyìí, ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní òun yóò sọ kẹ́ẹ̀gì lítà 5 di lítà 10, kí á wò ó. Ọmọ wa àgbà ní òun yóò bá wa dé Lamingo ní Sátidé, bí a bá ra máṣà fún òun lójú ọ̀nà.