Àlejò Tí Kì Í Kọ́lé

Gbogbo wa ni a mọ orúkọ ẹyẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ẹyẹ náà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, abẹ́ òrùlé ni ọkàn wa ń lọ, níbi tí ó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èyí tí mo máa ń lọ wò lóko nígbà ọyẹ́ kì í kọ́lé sí ilẹ̀ wa rárá.

Bí a bá ti kórè àgbàdo tán, oko wa lọ́nà Ìsẹ́yìn a tẹ́jú lọ rẹrẹ. Èmi a gbé awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ojú kọ́rùn, n ó jókòó sórí ebè. Lékèélékèé a ti dé ṣáájú, a máa tẹ̀lé màlúù kiri. Àlejò ìtòsí ni ìyẹn: ó ń bá òjò lọ sí Òkè Ọya, ó sì ń bá ọ̀gbẹlẹ̀ padà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ọlọ́fun pupa, tí ọ̀já dúdú gba àyà rẹ̀ kọjá, Yúróòpù ni ó ti wá. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, síbẹ̀ ó fò ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àìmọye wọn ni ó máa ń wọ inú eèsún lọ sùn lálẹ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè mọ ibi tí ó ń lọ. Ní 1555, Olaus Magnus, àlùfáà ará Swídìn, kọ ọ́ sínú ìwé pé abẹ́ omi ni ó ń sùn nígbà òtútù, àti pé àwọn apẹja a máa fi àwọ̀n fà á jáde. Ní 1911 ni John Masefield, agbẹjọ́rò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òrùka sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1912, a rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà.

Nígbà tí mo sọ ìtàn abẹ́ omi yìí fún bàbá mi kékeré, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò bi wá?"

Èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ń dùn mí. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí a ń pe onílé àti àlejò. Mo ní kí a fún àlejò ní tirẹ̀.

"Ọmọ tí a kò bí lọ́dọ̀ wa, àwa ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bàbá, ó ń lò tó oṣù mẹ́fà níbí lọ́dún."

Ó dákẹ́. Ọ̀kan fò kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa, ó ń lé kòkòrò. Bàbá na ọwọ́, ó gba awò náà lọ́rùn mi. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò dá a padà.